Kí ẹ tó san owó hòtẹ́ẹ̀lì ìpàdé òkè òkun yẹn

Ẹni tó bá gbọ́ ètò yìí dípò kó kà á yóò gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Ẹ má bínú. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Táíwò Road, ní Ìlọrin níbí, la ti ń gba ohùn sílẹ̀, wọn ò sì mú iná wá láti àárọ̀. Ìsàlẹ̀ wa ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì wà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ tẹ ìwé kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọmọbìnrin kan níwájú mi. Ó ti kàwé gboyè nínú social work, ó ti sin ìlú tán, ó sì ń bá ilé ìwòsàn kan ṣiṣẹ́ láìgbowó. Lẹ́tà ló fẹ́ tẹ̀ jáde. Wọ́n pè é sí ìpàdé àgbáyé lórí ìlera àti ẹ̀tọ́ ọmọdé: ọjọ́ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ mẹ́rin ní Dakar. Wọ́n ní àwọn onígbọ̀wọ́ máa san owó ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á sì bá a gba físà. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí òun fúnra rẹ̀ máa san ni owó hòtẹ́ẹ̀lì ti Dakar, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ó ti yá owó náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibi tó ti máa rí i fi ránṣẹ́ ló ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń tẹ̀wé.

Mo bi í pé, “Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo lẹ fi ránṣẹ́ sí wọn tí wọ́n fi mọ̀ yín?” Ó wò mí títí. Kò fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́. Ímeèlì náà ló kàn dédé wọlé.

Ẹni tó kọ irú lẹ́tà yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Tó bá ní kí ẹ san owó ọkọ̀ òfurufú, ẹ máa sá, torí owó ńlá ni. Owó hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mẹ́rin ò tó bẹ́ẹ̀, èèyàn lè rí i yá. Amẹ́ríkà ni ìjẹ tó fi sẹ́nu ìwọ̀. Dakar ló jẹ́ kó jọ òótọ́, torí kò jìnnà, ọmọ Nàìjíríà ò sì nílò físà láti wọ Senegal. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé orúkọ tí wọ́n ń fún àwọn ìpàdé yìí kì í kúrò lórí ọmọdé, obìnrin, ìṣẹ́ àti éèdì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àánú ni wọ́n ń dọdẹ.

Báwo wá ni ìpàdé tòótọ́ ṣe ń rí? Wọ́n á kọ́kọ́ kéde, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, pé kí àwọn olùwádìí fi abstract ránṣẹ́. Abstract ni àlàyé kúkúrú nípa iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe: kí lẹ wá kiri, báwo lẹ ṣe wá a, kí lẹ rí, kí ló já sí. Kì í ju nǹkan bí 250 sí 350 ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn olùyẹ̀wò á kà á, wọ́n á gbà á tàbí kí wọ́n dá a padà. Ẹni tí kò bá lówó á kọ̀wé béèrè ìrànwọ́ lórí ìkànnì ìpàdé náà, ọjọ́ tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ìrànwọ́ yìí sì sábà máa ń ṣáájú ọjọ́ ìpàdé dáadáa. Tí wọ́n bá fún yín, àwọn fúnra wọn ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ló sì máa ń bá hòtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Irú kejì wà tó tún ṣòroó mọ̀ ju ìyẹn lọ, torí ìpàdé náà máa ń wáyé lóòótọ́, àga máa wà ńbẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn máa wà ńbẹ̀. Iṣẹ́ ló ṣófo. Owó ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń wá, gbogbo ohun tí ẹ bá kọ ni wọ́n á gbà. Ilé iṣẹ́ OMICS tó wà ní Hyderabad ní Íńdíà ló lókìkí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2016, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Lára ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n ń fi orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá polówó ìpàdé tí àwọn yẹn ò gbà láti wá. Ní 2019, adájọ́ ní kí wọ́n san owó tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Nítorí náà, tí ẹ bá rí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan lórí pósítà, ẹ wá ímeèlì rẹ̀ lórí ìkànnì yunifásítì rẹ̀, kí ẹ bi í bóyá ó mọ̀ sí i. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń dáhùn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ó yá, owó gidi dà? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ nílé. Òfin tó dá owó orí ẹ̀kọ́ sílẹ̀ jáde ní 1993: gbogbo ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn fún ètò ẹ̀kọ́. Ìjọba ti fi kún iye náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ní 2011, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì dojú owó kọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba nìkan. Òun là ń pè ní TETFund lónìí. ASUU máa ń sọ pé ìjà àwọn ló bí i, wọn ò sì parọ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ yín rò pé ilé tuntun àti bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ni gbogbo iṣẹ́ TETFund. Ó ní owó ìwádìí tó ń gba inú ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wá, ó ní National Research Fund tí àwọn olùwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè ń du, ó sì ní owó tí olùkọ́ lè fi lọ sí ìpàdé nílé tàbí lókè òkun.

Ibi tó ti ń dun èèyàn nìyí: òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni wọ́n ń fún. Unilorin wà níbẹ̀, KWASU Málété wà níbẹ̀, Kwara Poly wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnlú tán bíi ti sísítà wa ò lè kọ̀wé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá rí owó yẹn gbà ò lè dá lọ sílé dé ilé láti béèrè ìbéèrè. Ó máa wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tàbí Hausa tàbí Nupe, tó lè lo fóònù fi gba ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ padà lọ bá olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá yín. Ẹ má béèrè owó. Ẹ bi í pé, “Sà, ṣé iṣẹ́ ìwádìí kankan wà lọ́wọ́ yín tí mo lè bá yín ṣe?” Orúkọ yín lábẹ́ abstract ẹlòmíì ló sábà máa ń ṣílẹ̀kùn àkọ́kọ́.

Tí ẹ bá ti di olùkọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀, CARTA wà fún yín. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2008 kí àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Áfíríkà lè ṣe PhD lórí ìlera àwùjọ láìkúrò nílé. APHRC ní Nairobi àti yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg ló ń darí rẹ̀, yunifásítì Ìbàdàn àti OAU sì ni ti Nàìjíríà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ social work kò ṣàjèjì síbẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ gíga ní Britain, Commonwealth Scholarship ti wà láti 1959, ó ń san owó ilé ìwé, owó ọkọ̀ òfurufú àti owó oúnjẹ. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láti kọ̀wé béèrè. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù Commonwealth, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ físà nìkan tó ètò kan. Ní ìparí oṣù keje 2022, ìpàdé àgbáyé lórí éèdì wáyé ní Montreal ní Kánádà. Àwọn tó ń ṣètò ìpàdé náà ti gba iṣẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, wọ́n ti fún àwọn kan ní ìrànwọ́, síbẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni Kánádà kò fún ní físà tàbí tí kò dá lóhùn títí ìpàdé fi parí. Àìsàn tó ń bá Áfíríkà fínra jù, àga àwọn ọmọ Áfíríkà ló ṣófo. Ariwo yẹn pọ̀ gan-an, ó sì wà lára ìdí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó kọjú sí ìpàdé tó wà nítòsí ná. ICASA, ìpàdé Áfíríkà lórí éèdì, lọ sí Kigali ní 2019, ó sì wà ní Accra ní oṣù Kejìlá 2025. Accra! Ẹ máa gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ẹ gba Kútọnu, ẹ gba Lomé, ẹ wọ Ghana ní Aflao, láìsí físà kankan, torí àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní 90 ọjọ́. Páásípọ́ọ̀tì àti yellow card ni kẹ́ ẹ mú dání. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà lóòótọ́ o, ẹ má ra káàdì lásán.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé nǹkan rọrùn. Ní January 20, 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ òkè òkun dúró, nígbà tó fi di July 1, iṣẹ́ USAID ti parí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, NIH, àjọ wọn tó ń náwó jù lórí ìwádìí ìlera lágbàáyé, ní òun máa dá ọ̀nà tí yunifásítì Amẹ́ríkà ń gbà pín owó fún àwọn alájọṣe ní òkè òkun dúró ná. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba ìdáhùn sílẹ̀ lábẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bà. Nígbà tí owó gidi bá dínkù, lẹ́tà ayédèrú á pọ̀ sí i, torí àwọn tó ń wá ọ̀nà ti pọ̀.

Ohun kan kù tí àwọn èèyàn máa ń fojú kéré: ìwé àṣẹ. Ẹ ò lè wọ wọ́ọ̀dù lọ bi aláìsàn ní ìbéèrè, kí ẹ wá sọ ọ́ di abstract. Nàìjíríà ní òfin ìwà ìwádìí ìlera láti 2007, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì wà ní UITH àti àwọn ilé ìwòsàn ńlá míì. Àṣẹ wọn gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbéèrè àkọ́kọ́. Wọn kì í fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é tán, ọ̀pọ̀ ìpàdé tòótọ́ ló sì máa béèrè nọ́ńbà rẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ máa kọ lé lórí, ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Unilorin máa ń lọ gbé ní abúlé lábẹ́ ètò COBES, wọ́n á ka kànga, wọ́n á ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á béèrè ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òṣìṣẹ́ social work tó wà nílé ìwòsàn mọ aláìsàn tí ara rẹ̀ ti yá tí kò lè lọ sílé torí owó. Ìwádìí nìyẹn, tí ẹ bá gba àṣẹ, tí ẹ sì kà á dáadáa.

Sísítà yẹn? Mo ní kó fèsì ímeèlì náà, kó ní kí wọ́n fi orúkọ àwọn tó yẹ iṣẹ́ òun wò ránṣẹ́. Wọn ò dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Wọ́n kàn ní wọ́n ti dín owó hòtẹ́ẹ̀lì kù sí ìdajì, kó tètè san án lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dá owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà. Lánàá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé òun ti rí olùkọ́ òun àtijọ́, pé Monday ni kí òun wá. Tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kí ẹ tó san nǹkan kan, a ó jọ kà á. Ẹ pa orúkọ yín rẹ́ kúrò lórí rẹ̀ ná.