‘Mọ́tò Ń Kú’: Àyẹ̀wò Àìsàn Ògbólógbòó Ọkọ̀ àti Èdè-Ìperí Rẹ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Bí òwe yìí ti bá ọmọ ènìyàn mu, bẹ́ẹ̀ ni ó bá ẹ̀rọ mu. Ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìtòsí Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ladoke Akintola tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, àti ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀yọ́, ọkọ̀ tí ó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣọ̀wọ́n. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dákẹ́ nígbàkúùgbà tí awakọ̀ bá fẹ́ rọra, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹni tí ó ni ín sábà máa ń sọ fún mọkálíìkì: “Ó ń kú.” Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò tó. Àkókò tí ọkọ̀ kú gan-an ni ó ń tọ́ka sí ibi tí àìsàn wà, èdè-ìperí tí kò bá sì fi àkókò náà hàn kò lè ran ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò lọ́wọ́.

Epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ ni ó ń para pọ̀ di àdàlù tí iná pọ́ọ̀gì ń jó nínú ẹ́ńjìnì. Bí a bá gbé àdàlù tí ó péye lé òṣùwọ̀n, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò wúwo tó epo ní ìlọ́po 14.7. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ iná, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ a ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ púpọ̀ a wọlé, àbùkù kékeré kì í sì í hàn. Nígbà tí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìlẹ̀kùn náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá, ẹ́ńjìnì a sì bọ́ sí nǹkan bí ìyípo 700 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan. Ipò yìí ni àwọn mọkálíìkì ń pè ní ‘síló’. ‘Ìyí-pẹ̀lẹ́’ ni ó yẹ ẹ́ ní Yorùbá. ‘Ìsinmi’ yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí pé ẹ́ńjìnì kò sinmi. Ó ń yí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju èyí tí yóò fi gbé ara rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ohun tí kò tó nǹkan fi lè pa á.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ikú yìí pín sí. Èkínní ni kí ọkọ̀ kú bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí iná. Nínú ọkọ̀ tí ó ń lo kabúrétọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú Peugeot 504 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, ojú-ihò ìyí-pẹ̀lẹ́ ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ihò tín-ínrín ni, ìdọ̀tí díẹ̀ sì lè dí i. Ihò mìíràn ni epo ń gbà nígbà eré. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ náà fi ń sáré láìsí wàhálà. Nínú ọkọ̀ tí ó ń fi ẹ̀rọ tú epo, ìdọ̀tí èéfín lè dì mọ́ etí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́, tàbí kí ìlẹ̀kùn àbùjá há. Àbùjá ni ọ̀nà kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà yẹ ìlẹ̀kùn ńlá sílẹ̀ nígbà tí ó bá tì. Fífọ̀ wọ́n mọ́ lè tó láti wo àìsàn náà sàn.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí ń gba ibi tí kò yẹ wọlé tún wà níbẹ̀. Bí a bá ní ‘ó ń jò’, mọkálíìkì yóò wo ilẹ̀, kò sì ní í rí nǹkan kan. Bí igbá bá ń jò, omi inú rẹ̀ ni ó ń jáde. Bí òrùlé bá ń jò, omi ìta ni ó ń wọlé. Jíjò ti òrùlé ni ti ẹ́ńjìnì yìí, nítorí pé ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ nígbà ìyí-pẹ̀lẹ́ kò sábà tó ìdajì ti ìta. ‘Afẹ́fẹ́ àyọ́wọlé’ ni orúkọ tí ó sọ ọ́ ní kedere. Bákan náà, ‘ìfàmu’ sàn ju ‘òfo’ lọ fún agbára tí ń fà á wọlé, nítorí pé ibẹ̀ kò ṣófo. Bí a bá fọ́n omi ọṣẹ díẹ̀ sí oríkèé àwọn rọ́bà ibẹ̀ tí ìró ẹ́ńjìnì sì yí padà, ibẹ̀ ni ihò wà. A kò gbọdọ̀ fi bẹntiróòlù dán an wò, nítorí iná.

Èkejì ni kí ó kú nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ìfàmu ẹ́ńjìnì ni ó ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ lórí bíréèkì. Bí awọ inú ìrànwọ́-bíréèkì bá ya, títẹ̀ ẹ́ a ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ àyọ́wọlé. Kí a gbé jíà sí fírì, kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a wá tẹ ti ẹsẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bí ẹ́ńjìnì bá gbọ̀n tàbí tí ó kú, ìfura bọ́ sí ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà fún ọkọ̀ oníjíà ọtomátíìkì: ó kú nígbà tí táyà fẹ́ dúró pátá. Ìdè tí ó so ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ jíà nígbà eré lè kọ̀ láti tú, bí ìgbà tí awakọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì bá gbàgbé láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bí ọkọ̀ kò bá kú nígbà tí a gbé e sí fírì kí ó tó dúró, ìdè náà yẹ ní yíyẹ̀wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyí-pẹ̀lẹ́ tí ó rẹlẹ̀ jù lè ṣe bákan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ orúkọ lásán lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá kú lórí eré, ìfàmu tí ó kù kò ju ti ìtẹ̀ bíréèkì díẹ̀ lọ, ọwọ́ ìdarí tí ẹ́ńjìnì ń ràn lọ́wọ́ a sì le. Kí awakọ̀ tẹ bíréèkì ṣinṣin lẹ́ẹ̀kan, kí ó má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Àwọn kan a kàn yí ìdè ìyí-pẹ̀lẹ́ sókè kí ẹ́ńjìnì má baà kú mọ́. Èyí bo egbò mọ́lẹ̀ ni; ọkọ̀ a máa mu epo, a sì máa fa ara rẹ̀ síwájú nígbà tí ó yẹ kí ó dúró. Àwọn mìíràn a ra pọ́ọ̀gì àti ẹ̀rọ ìfàpo tuntun, nígbà tí ó jẹ́ pé rọ́bà kan ṣoṣo ni ó ya: ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ tí yóò kọ nípa àìsàn yìí má ṣe fi ‘kú’ nìkan sílẹ̀. ‘Ó ń kú ní ìgbẹ́sẹ̀’, ‘ó ń kú ní ìtẹ-bíréèkì’ àti ‘ó ń kú ní ìdúró’ jẹ́ gbólóhùn mẹ́ta tí ẹni tí kò ka ìwé rí lè lò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì mú mọkálíìkì dé ẹnu ọ̀nà àbùkù náà kí ó tó tú ìdè kan.