Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú apá àwọn tó ń wa ọkọ̀ ní Makòko

Láti ìgbà tí ìròyìn ilé wíwó ní Makòko, àdúgbò orí omi ní Èkó, ti gbòde, irú àwòrán kan kò yé yọjú: ẹbí kan nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹrù gègèrè níwájú, ìyá tàbí ọmọdé lẹ́yìn tó ń fi àjẹ̀ wà á lọ. Apá tó ń wa ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí iṣan apá bá sún kì, fọ́nrán inú rẹ̀ ló kúrú. Rárá o. Lọ́dún 1954, Andrew Huxley pẹ̀lú Rolf Niedergerke, àti Hugh Huxley pẹ̀lú Jean Hanson, gbé àlàyé mìíràn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. (Huxley méjèèjì kò bá ara wọn tan.) Inú iṣan pín sí yàrá tín-ín-tín tí wọ́n ń pè ní sarcomere, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá 1000 mìlímítà kan. Fọ́nrán tó nípọn, myosin, àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, actin, ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń yọ́ kọjá lára ara wọn ni. Myosin ní orí wẹ́wẹ́ tó ń di actin mú, tó ń fà á, tó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, tó tún ń di iwájú mú, bí àjẹ̀ ṣe ń wọ omi tó sì ń jáde.

Jíjọ̀wọ́ yẹn ló wú mi lórí jù. ATP, èròjà tó ń gbé agbára kiri inú ara, ló ń tú orí náà sílẹ̀. Agbára inú rẹ̀ ló sì fi ń gbára dì láti tún fà. Bí ATP bá tán, myosin á di actin mú gírígírí, kò ní tú. Ẹ wo ẹja ní ọjà Asejere ní Makòko: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ṣì rọ̀, tó bá yá, á gan. Àìsí agbára ló mú un gan. Bó bá tún pẹ́, á padà rọ̀, torí àwọn èròjà inú ẹran ara rẹ̀ ti ń jẹ fọ́nrán náà. Yìnyín ló ń fa ìbàjẹ́ yẹn sẹ́yìn.

Àwọn kan ní wọ́n bí okun mọ́ àwọn Ègùn tó ń gbé orí omi ní Makòko. N kò rò bẹ́ẹ̀. Iṣan tí a ń lò déédéé máa ń nípọn, torí fọ́nrán inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, oúnjẹ amúaradàgbà ló sì fi ń ṣe é. Ó jọ pé ọkọ̀ tí ọmọ Makòko ti ń wà láti kékeré, àti ẹja tó ń jẹ, ló kọ́ apá rẹ̀. Bí wọ́n bá lé wọn jìnnà sí ọ̀sà, oúnjẹ yẹn ni mo ń bẹ̀rù fún jù: ọmọ tó ń dàgbà láìrí amúaradàgbà tó kò lè ní iṣan tó yẹ ẹ́, iṣẹ́ yòówù kó máa ṣe.