Ìpàdé Àwọn Tí Ń Kọ Ọtí Sílẹ̀ ní Èkó: Bí A Ṣe Ń Wá A Rí àti Ohun Tí Ń Ṣẹlẹ̀ Níbẹ̀

Ní Èkó Akéte, Àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, ọtí kì í jìnnà sí ẹni tí ń wá a: kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn alágbo ti pàtẹ ìgò paraga sí ẹ̀bá ibùdókọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà àti ní Múṣin, tí awakọ̀ àti agbèrò ń mu ún lóòró kí wọ́n tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, olóde àríyá ní Sùúrùlérè kì í jẹ́ kí ife àlejò rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọtí ti di ọ̀gá lé lórí, tí ó sì ń wá ọ̀nà àtibọ́, kì í tètè mọ ẹni tí yóò bi.

Ó pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé ọtí a máa gbé ẹni ńlá ṣánlẹ̀. Àwọn baba wa a máa sọ pé ẹmu ni ó gbé Ọbàtálá sùn lójú ọ̀nà nígbà tí Olódùmarè rán an wá dá ilẹ̀ ayé, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe, àti pé láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún gbogbo àwọn tí ń sin òrìṣà aláṣọ funfun. Wọn kò sì fi èèwọ̀ náà lé ẹnì kan lọ́wọ́ láti máa dá pa mọ́. Agbo ni ó jùmọ̀ ń pa á mọ́.

Ibi tí ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni a gbé ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí a ń pè ní AA, kà. Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson, tí ń ṣòwò ìpín ìdókòwò, àti Bob Smith, oníṣègùn iṣẹ́ abẹ, àwọn méjì tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé wọn jẹ́, rí i pé ohun tí ìwàásù àti ìbáwí kò lè ṣe, ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀mùtí sí etí ọ̀mùtí ń ṣe é. Ní 1939 ni wọ́n tẹ ìwé tí ó to ìgbésẹ̀ 12 wọn lẹ́sẹẹsẹ jáde. Lónìí ẹgbẹ́ náà wà ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 180, Nàìjíríà sì wà lára wọn.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀

Ìpàdé kì í sábà ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Kò sí owó ìwọlé. Igbá a máa yí ká, ẹni tí kò bá ní a sì gbé e kọjá láìtijú. Ohun kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ ń béèrè ni pé kí ó wu ènìyàn láti jáwọ́. Orúkọ àbísọ nìkan ni a ń dá, ohun tí a bá sì gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni a ń fi í sí. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, a kì í já lù ú, a kì í sì í dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá sì wù láti dákẹ́ títí ìpàdé yóò fi parí kò ṣẹ̀. Wọn a máa dárúkọ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù ti mọ̀ Ọ́n ni, ìyẹn ni Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe fi lè jókòó pọ̀.

Bí ẹnì kan bá ń ṣiyèméjì pé ọ̀rọ̀ lásán lè wo àrùn, àwọn olùṣèwádìí Cochrane, ẹgbẹ́ tí ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí 27 jọ ní 2020, tí iye àwọn tí ó wà nínú wọn lé ní 10,000, wọ́n sì rí i pé ìtọ́jú tí ń fa ènìyàn wọ inú AA lọ́nà tí ó létò a máa mú kí ènìyàn púpọ̀ sí i yàgò fún ọtí pátápátá ju àwọn ìtọ́jú mìíràn tí a mọ̀ dunjú lọ.

Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀

Kí ẹni tí ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ má ṣe dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, tí ó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì fún àwọn tí oògùn olóró àti ọtí ń yọ lẹ́nu. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà ní LUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀pọ̀ ń sá fún àwọn ilé wọ̀nyí nítorí ẹ̀fẹ̀ “Yábà Lẹ́fù” tí àwọn ará àdúgbò fi ń pe ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi àìsàn pamọ́ ti kọjá oore ẹlẹ́bọ. Kí a bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì níbẹ̀ nípa ìpàdé tí ó súnmọ́ ni, kí a sì wo ojú ìwé AA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti ń rí ọ̀nà àtibá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, àti ìpàdé orí fóònù fún ẹni tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kò jẹ́ kí ó rìn. Àwọn ará ilé ọ̀mùtí pàápàá ní ẹgbẹ́ tiwọn, Al-Anon, láti 1951.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìpàdé kan ṣoṣo dájọ́: ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tí ó bá fi orí tì í dópin. Bí ẹsẹ̀ bá sì yẹ̀, kí a padà wá; wọn kì í lé ẹni tí ó ṣubú.

Nínú ìlànà AA, ọ̀mùtí méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá péjọ nítorí àtijáwọ́ ti tó ẹgbẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọ, ẹ̀yin mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ onílé ní Yábà, Múṣin àti Sùúrùlérè, tí gbọ̀ngàn yín ń ṣófo ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ yá wọn ní yàrá kan fún wákàtí kan ààbọ̀ lọ́sẹ̀.