Ṣé O Mọ̀? Ọwọ́ àti Ìrù Ni Wọ́n Fi Ń Mọ Ìdílé Àkeekèé

Ṣé o mọ̀ pé àkeekèé dúdú ńlá tí í lé bíríkìlà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ ló lóró jù nínú àwọn àkeekèé Áfíríkà? Ẹni tó bá ti kọ́lé rí ní Ìbàdàn, pàápàá níbi tí Bódìjà ti ń wọnú igbó lọ, á mọ èyí tí mò ń wí. Wọ́n á máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ, wọ́n á wó ògán kan, ni igbe á bá ta. Ẹranko náà á yọ jáde, ara rẹ̀ á máa dán, ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á rí ràbàtà. Láti iwájú títí dé ibi tí oró wà, ó lè gùn tó sẹ̀ntímítà 20. Pandinus imperator ni àwọn onímọ̀ ń pè é, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí sì ni ilé rẹ̀. Tó bá ta àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ìrora rẹ̀ kì í sábà ju ti oyin lọ. Síbẹ̀ òun ni gbogbo àdúgbò ń yọ àdá sí.

Èwo wá ni ká sá fún? Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, tí ìrù rẹ̀ sì ki. Ìdílé Buthidae ni wọ́n ń pe irú wọn. Ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Hottentotta hottentotta, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìdajì Pandinus lọ, tí ó sì máa ń sá pamọ́ sábẹ́ òkúta, sábẹ́ èèpo igi, àti sábẹ́ ohunkóhun tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Tí a bá kọrí sí àríwá, sí apá aṣálẹ̀ Sàhárà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó le jù ú lọ ló wà níbẹ̀: Androctonus àti Leiurus. Wọ́n ti pa èèyàn rí, ọmọdé ni wọ́n sì ń pa jù.

Àwọn ẹ̀yà àkeekèé tí wọ́n ti sọ lórúkọ lágbàáyé lé ní 2,500. Èyí tó lé ní 1,000 nínú wọn, Buthidae ni. Àwọn tí oró wọn lè pa èèyàn kò tó 100, inú ìdílé yìí kan náà sì ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ti wá. Ọ̀kan tó yapa ni Hemiscorpius lepturus ti ilẹ̀ Ìráànì àti Ìráákì. Ìrora títa rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni oró rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ àti ìrù àkeekèé dán ara rẹ̀ wò.

Ìdí tí ọwọ́ tín-ín-rín fi ń bá ìrù kíki rìn kò ṣòroó rí. Àkeekèé gbọ́dọ̀ rí nǹkan mú oúnjẹ rẹ̀. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lágbára á fi ẹ̀mú fọ́ ikán àti kòkòrò mìíràn, kò ní í fi oró ṣòfò. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára gbọ́dọ̀ yára ta ẹran rẹ̀ kó tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, oró náà sì gbọ́dọ̀ tètè jẹ́. Wàá rí i lára Pandinus fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ẹ̀mú wọn kò tí ì gbó máa ń ta oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá ti ń dàgbà ni wọ́n ń fi títa sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹranko yìí, èyí ló wù mí jù.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ó jẹ́ ojú ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó pín àkeekèé sí ìdílé? Àkeekèé ní ojú méjì láàárín ẹ̀yìn, ó tún ní àwọn kéékèèké mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú. Ti àárín kì í yí padà, ti ẹ̀gbẹ́ ló ń pọ̀ tó ń dín. Ní 1837, C. L. Koch, ará Jámánì kan, pín gbogbo àkeekèé sí mẹ́rin: olójú mẹ́fà, olójú mẹ́jọ, olójú mẹ́wàá, àti olójú méjìlá. Ó rọrùn, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Koch kan náà máa sọ àkeekèé ńlá tiwa lórúkọ ní 1841, Buthus imperator ló pè é. Ojú mẹ́jọ ni ẹranko náà ní, ni ó bá kó o pọ̀ mọ́ àwọn tí a lè pè ní àjèjì sí i pátápátá. Ó di 1876 kí onímọ̀ mìíràn, Tamerlan Thorell, tó dá orúkọ Pandinus sílẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń gbé inú ihò òkúta ní Mẹ́síkò, wọn kò ní ojú rárá. Koch ì bá ti kó wọn sí ibo?

Ní 1861, Wilhelm Peters, onímọ̀ kan ní Berlin, dojú àkeekèé délẹ̀, ó sì wo àyà rẹ̀. Pátákó kékeré kan wà níbẹ̀, láàárín ìdí ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Lára Buthidae tó ti dàgbà, pátákó náà sábà máa ń ní igun mẹ́ta. Lára Pandinus, igun márùn-ún ló ní. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní awò amóhuntóbi lè fi èyí nìkan ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, láìka ojú, láìwọn gígùn. Òkú àkeekèé ni kó fi ṣe é o.

Irun ló wá borí ohun gbogbo. Ṣé o mọ̀ pé irun tín-ín-rín wà lọ́wọ́ àkeekèé tí í jẹ́ kó mọ̀ pé atẹ́gùn mì, pé aáyán kan ń kọjá nínú òkùnkùn? Max Vachon, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Paris, jókòó ti irun wọ̀nyí títí ó fi rí i pé wọn kì í hù bó ṣe wù wọ́n. Ibi tí kálukú wà lọ́wọ́ ní ètò, ó sì fún irun kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1974, ètò mẹ́ta péré ló kó gbogbo àkeekèé ayé sí. Ó pè wọ́n ní A, B àti C. Buthidae nìkan ló ni A. Ìdílé kékeré kan ní Éṣíà, Chaerilidae, ló ni B. Gbogbo àwọn tó kù, títí kan àkeekèé ńlá wa, C ni wọ́n. Ìgbà tó di 1998, wọ́n rí ẹ̀yà kan ní Uzbekistan tí wọ́n pè ní Pseudochactas, irun ọwọ́ rẹ̀ kò sì bá ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ní 2001, wọ́n fi D kún un.

Ṣé o mọ̀ pé ìrù àkeekèé kì í ṣe ìrù gan-an? Ikùn rẹ̀ ló gùn lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ìfun gba inú rẹ̀ kọjá, ihò ìdí sì wà ní òpin oríkèé karùn-ún, kó tó kan ìkókó oró. Ẹ rò ó wò. Àwọn àkeekèé kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Ananteris. Bí ọ̀tá bá gbá akọ wọn mú níbi ìrù, wọ́n lè já a sílẹ̀ kí wọ́n sá lọ, bí alángbà ti ń ṣe. Ti alángbà á hù padà. Ti Ananteris kò ní í hù, ihò ìdí sì ti bá a lọ, nítorí náà kò ní lè yàgbẹ́ mọ́ títí ọjọ́ tí yóò kú. Ìwádìí tó fi èyí hàn jáde ní 2015, ó sì tún sọ pé akọ tó ti pàdánù ìrù bẹ́ẹ̀ ṣì lè gun abo.

Òòyà méjì wà lábẹ́ ikùn àkeekèé, lẹ́yìn ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn. Kò sí ẹranko mìíràn láyé tó ní irú rẹ̀. Wọ́n fi ń tọ́ ilẹ̀ wò bí wọ́n ti ń rìn, ti akọ sì sábà máa ń gùn ju ti abo. Àwọn onímọ̀ a máa ka eyín òòyà yìí kí wọ́n tó sọ pé ẹ̀yà méjì tó jọra kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ní Dùgbẹ̀, nínú báńkì, iná aláwọ̀ àlùkò kan wà tí wọ́n fi ń dá owó ayédèrú mọ̀. Tan irú iná yẹn sára àkeekèé nínú òkùnkùn, wàá rí i tó ń tàn yòò ní àwọ̀ ewé tó papọ̀ mọ́ búlúù. Àti Buthidae o, àti Pandinus o, ìṣesí kan náà ni. Iná yìí kò wúlò fún pípín wọn sí ìsọ̀rí, ṣùgbọ́n ó wúlò gidi fún ẹni tó fẹ́ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó sùn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo ara kì í tàn títí awọ rẹ̀ tuntun á fi le. Èyí tó ti kú, tí wọ́n fi sínú ìgò ọtí ní yàrá ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣì ń tàn.

Ṣé o mọ̀ pé àkeekèé kì í yé ẹyin? Gbogbo wọn ló ń bímọ láàyè. Oyún Pandinus lè lé ní oṣù méje, bí wọ́n bá sì ti bí àwọn ọmọ, funfun ni wọ́n máa ń jẹ́, wọ́n á gun ẹ̀yìn ìyá wọn, ibẹ̀ ni wọ́n á wà títí ara wọn á fi le. Bí oyún ṣe ń jẹun nínú ikùn pàápàá ya ìdílé sọ́tọ̀. Ti Buthidae ń dàgbà lórí oúnjẹ tó bá a wá nínú ẹyin. Ti ìdílé Pandinus ní àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ikùn, ó sì ń fi ẹnu fa oúnjẹ lára ìyá.

Èyí tí màá sọ yìí kò ní í dùn mọ́ onílé. Láàárín Hottentotta hottentotta, wọ́n ti rí abo tó bímọ láìrí akọ, tí àwọn ọmọ náà sì jẹ́ abo. Tityus serrulatus ti Bùràsíìlì ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú èyí lára rẹ̀, ní 1962. Irú ẹyọ kan péré tó bá bá igi pákó wọ ọgbà ti tó láti dá ìdílé sílẹ̀.

Pandinus tún ń ké bí wọ́n bá dà á láàmú. Ọ̀nà ọ̀fun kọ́ ni ohùn náà ti ń wá. Ìdí apá ẹ̀mú ló ń fi ha ìdí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ilẹ̀ wa, ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń kọ̀wé lórí wọn: ní 1970, S. A. Toye tẹ ìwádìí kan jáde nínú Journal of Zoology ti London lórí ìgbésí ayé ẹ̀yà àkeekèé méjì tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Lójú tèmi, ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn ará òkè òkun ti gba àkeekèé wa bí ohun ọ̀sìn. Láti Tógò, Benin àti Gánà ni wọ́n ti ń kó Pandinus lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, tí wọ́n ń tà á nínú àpótí gíláàsì. Láti 1995 ni àdéhùn àgbáyé CITES ti fi òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ méjì, Pandinus dictator àti Pandinus gambiensis, sábẹ́ ìṣọ́, kí wọ́n má bàa kó wọn tán.

Ní 2015 kan náà tí ìwádìí Ananteris jáde, àwọn onímọ̀ tó ń ka àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara yẹ ìpín àtijọ́ àwọn àkeekèé wò. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀rí tí wọ́n ti fi ìrísí ara kó jọ ló tú ká. Ṣùgbọ́n ààlà ńlá kan dúró: Buthidae àti ìwọ̀nba àwọn tó sún mọ́ ọn wà lápá kan, àwọn tó kù, tí Pandinus wà láàárín wọn, wà lápá kejì. Irun Vachon kò purọ́ níbẹ̀.

Ìwọ tó ń gbé Agbowó, Ring Road tàbí Challenge, bí àkeekèé bá ta ẹnikẹ́ni nílé rẹ, má fi abẹ gbẹ́ ojú ibẹ̀, má fi ẹnu fa á, má sì dì í pinpin. Fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, fi aṣọ wé yìnyín, kó o gbé e lé e. Bí ó bá ṣeé ṣe láìsúnmọ́ ẹranko náà, fi fóònù ya àwòrán ọwọ́ àti ìrù rẹ̀ kí dókítà lè rí i. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé, tàbí tí ẹni náà ń bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí kò lè mí dáadáa, má dúró de ẹnikẹ́ni: gbé e lọ sí UCH tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ ọ jù, kíákíá.