Ìwé Tí Kò Ní Ìdánwò Lẹ́yìn

Inú takisí máíkírà kan tó ń ti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, lóṣù Kẹjọ tí ilé ìwé ti gba ìsinmi. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé báàgì ìwé ńlá kan lé itan. Ìyá bi í pé níbo ló ń gbé ẹrù tó tó báyìí lọ nígbà ìsinmi. Ọmọ ní "summer lesson" ni, mà.

"Ìwé wo lò ń kà lọ́wọ́ báyìí, ọmọ mi?"

"Maths àti English ni, mà."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ìwé wo lò ń kà tí ẹnikẹ́ni ò ní fi dán ọ wò?"

Ọmọ náà wò ó, kò fèsì. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Kí ìyá tó sọ̀ ní Dùgbẹ̀, akọ̀ròyìn tó jókòó níwájú ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ilé ìkàwé ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, ní ẹ̀ka tàwọn ọmọdé. Ó ní láyé tàwọn, ìgbà ìsinmi gan-an ni orí pẹpẹ máa ń ṣófo, nítorí àwọn ọmọ á ti kó ìwé lọ sílé tán. Ó ní àwọn tó ń bá a jà nítorí ìwé Fágúnwà kì í ṣe kékeré, pé ìwé ìròyìn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Aworẹ́rìn-ín, tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ń tẹ̀ n'Ìbàdàn, máa ń gbó mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ ni.

Èdè wa pàápàá ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wọ́ sí. Bí a bá ní lágbájá kàwé, ohun tí à ń sọ ni pé ó lọ sílé ẹ̀kọ́, ó gboyè. Bí ìyá bá jágbe mọ́ ọmọ lálẹ́ pé "Lọ kàwé rẹ!", kì í ṣe ìtàn Ìjàpá ló ní kó lọ ṣí. Ìwé kíkà àti ìdánwò ti lẹ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu wa, débi pé ọmọ tó bá ń ka ìtàn lásán lè gba ìbáwí pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ta wá ló kọ́kọ́ rò ó pé kí ilé ìkàwé ìlú máa pe ọmọdé wọlé, kó sì máa fún un níwèé tí olùkọ́ kankan ò yàn fún un?

Ilé ìkàwé ti wà láyé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rántí ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà, títí di apá ìparí ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ni kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 tàbí 14 kọjá ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ìjà ni yóò dé.

Àwọn ará Salisbury, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní àwọn ni. Ọmọ bíbí ìlú wọn kan, Caleb Bingham, ti lọ di òǹtàwé ní Boston. Lóṣù Kìíní 1803, ó ṣa ìwé 150 jọ, ó fi ránṣẹ́ sílé, pé kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìndínlógún máa yá a kà láìsan kọ́bọ̀. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ìwé ń wu òun kà gidigidi, òun ò sì ríbi yá a. Nígbà tó di 1810, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó sí i láti inú àpò ìlú.

Bingham yìí kan náà ló ṣàkójọ ìwé The Columbian Orator, tó jáde ní 1797. Ọmọ ọdún bíi 12 ni Frederick Douglass, ó ṣì jẹ́ ẹrú ní Baltimore, nígbà tó fi sẹ́ńtì 50 tó rí níbi bàtà tó ń dán ra ìwé náà, tó sì ń kà á ní kọ̀rọ̀. Olùkọ́ kankan ò yàn án fún un; ọ̀gá rẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ kí ẹrú mọ̀wé rárá. Ìgbà tó dàgbà, tó sá kúrò lóko ẹrú, tó wá di ọ̀kan nínú àwọn tó fi ẹnu àti gègé bá oko ẹrú jà jù lọ ní Amẹ́ríkà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí ìwé yẹn ṣe fún òun.

Àwọn ará Arlington ní Massachusetts ò gbà fún Salisbury. West Cambridge ni wọ́n ń pe ìlú wọn nígbà náà. Wọ́n ní ká má wulẹ̀ wo ẹni tó kọ́kọ́ ṣí, ká wo ẹni tí kò tì í. Tiwọn ti wà láti 1835, kò sì tíì kógbá sílé títí dòní. Ìtàn tiwọn gùn, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Dókítà kan, Ebenezer Learned, ti kọ́ àwọn ọmọ ìlú náà níwèé rí nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard, tó ń wá owó díẹ̀ nígbà òtútù. Kò gbàgbé oore tí wọ́n ṣe é. Nígbà tó kú, ó fi ọgọ́rùn-ún dọ́là sílẹ̀ fún wọn, pé kí wọ́n fi ra ìwé fáwọn ọmọdé.

Ta ni yóò tọ́jú ìwé náà? Ẹni tó ń ṣe fìlà tà ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́, Dexter lorúkọ rẹ̀. Uncle Dexter ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bí àwọn ọmọ tiwa náà ṣe ń pe àgbà àdúgbò ní àǹkù. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, fìlà ló ń ṣe. Tó bá di ọ̀sán Àbámẹ́ta, á pa fìlà tì, á ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọ. Ìdílé kan kò sì gbọdọ̀ gbé ju ìwé mẹ́ta lọ. Wọ́n ní Boston ló ti lọ kó ìwé àkọ́kọ́, inú bárò ló kó o sí, ó sì fẹsẹ̀ tì í wá sílé. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í gbàgbé bárò náà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá tiwọn sí i: Manchester ní àwọn ti ya yàrá ọ̀tọ̀ fáwọn ọmọkùnrin láti 1862, Nottingham ní àwọn kọ́ tiwọn sí ilé ọ̀tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880. Ẹjọ́ náà kò tíì parí. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìwé lórí pẹpẹ ni gbogbo wọn ń jà sí. Ẹni tó dìde lọ pe ọmọ wá síbi pẹpẹ ni à ń wá.

Obìnrin méjì lọ́rọ̀ náà kàn níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Caroline Hewins ní Hartford. Ní 1882, ó kọ̀wé sí ilé ìkàwé 25, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì bi wọ́n: kí lẹ̀ ń ṣe kí ìwé rere lè máa wu àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin kà? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí nǹkan gidi fi dáhùn. Ọdún yẹn kan náà ló tẹ àkójọ orúkọ ìwé tó yẹ ọmọdé jáde. Lẹ́yìn náà ó ń jókòó ti àwọn ọmọ nígbà ìsinmi, ó ń sọ̀rọ̀ ìwé fún wọn.

Èkejì ni Linda Eastman, ní Cleveland. Ìlú irin àti epo ni Cleveland, ọmọ àwọn tó ti òkè òkun wá ṣiṣẹ́ sì kún ibẹ̀. Ọwọ́ ìdọ̀tí àwọn ọmọ náà ń ba ìwé jẹ́. Dípò kí Eastman lé wọn jáde, ẹgbẹ́ ló dá sílẹ̀ fún wọn ní 1897. Ọmọ tó bá fẹ́ wọlé á ṣèlérí pé ọkàn òun á mọ́, ọwọ́ òun á mọ́, ìwé tí òun bá gbé á mọ́. Ìwé tí kò ní bàjẹ́ ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó ti fọwọ́ tán fẹ́ mọ ìwé tó yẹ kóun gbé, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í pín orúkọ ìwé fún wọn, àwọn ọmọ ń kọ èyí tí wọ́n kà sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n rò nípa rẹ̀. Nídìí ètò yìí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ti wá ìpilẹ̀ ìwé kíkà ìgbà ìsinmi tó kárí ilé ìkàwé Amẹ́ríkà lónìí. Ní 1918, Eastman di olórí gbogbo ilé ìkàwé Cleveland. Obìnrin kankan ò tíì di olórí ilé ìkàwé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ náà.

Kò pẹ́ tí ìjà mìíràn fi bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ilé ìkàwé kan ń fún ọmọ tó bá ka ìwé tó pọ̀ jù ní sàtífíkéètì àti ẹ̀bùn. Àwọn mìíràn ní ìbàjẹ́ ni, pé ọmọ á kàn máa wá ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí iye tirẹ̀ lè pọ̀. Yorùbá ló lè tètè gbọ́ ìjà yìí yé, nítorí "kà" kan náà ni a fi ń ka ìwé tí a sì fi ń ka owó. Ní Bìrìtìkó, níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé lọ́dọọdún láti 1999, wọ́n fi gbèdéke sí i: ìwé mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń ní kí ọmọ kà nígbà ìsinmi, èyí tó bá wù ú, gbogbo ẹni tó bá sì parí rẹ̀ á gba sàtífíkéètì. Kò sí ẹni àkọ́kọ́, kò sí ẹni ìkẹyìn.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa gba Jámánì kọjá. Jella Lepman, obìnrin Júù tí ọkọ rẹ̀ ti kú, sá fún Hitler lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1936. Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní kó padà wá gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọ̀dọ́. Ebi ń pa àwọn ọmọ tó bá nílẹ̀, ilé ti wó. Lepman ní oúnjẹ ṣe pàtàkì, ìwé náà ṣe pàtàkì. Ó kọ̀wé sí ogún orílẹ̀-èdè, ó tọrọ ìwé ọmọdé. Belgium kọ̀, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni Jámánì ti gbógun ja àwọn. Ó tún kọ̀wé padà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ìwé tí Belgium wá fi ránṣẹ́ wà lára èyí tó dára jù lọ. Ní 1949, ó ṣí ilé ìkàwé àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́ sí Munich, níbi tí ọmọdé ti ń ka ìwé, tí wọ́n ń ya àwòrán, tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n kà.

Ilé ìkàwé Munich yẹn ni Mabel Segun, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Oǹdó ní 1930, ti gba ìdánilọ́lá fún ìwádìí. Ó ti dá ẹgbẹ́ lítíréṣọ̀ ọmọdé Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1978. Ní 1990, ó dá ibùdó àkójọ àti ìwádìí ìwé ọmọdé sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Ó ṣiṣẹ́ yìí débi tó lè ṣe é dé, ó sì papò dà ní 2025.

Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé nígbà náà. Ní 1953, ibẹ̀ ni UNESCO pe àwọn àgbà ilé ìkàwé jọ sí, kí wọ́n jíròrò bí ilé ìkàwé ìlú yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ìjọba Ìlà Oòrùn ló mú àbájáde rẹ̀ lò kíákíá: wọ́n ṣòfin ilé ìkàwé ní 1955, wọ́n sì ṣí èyí tí UNESCO fi ṣe àwòkọ́ṣe ní Enugu ní 1959. Ìbàdàn ni wọ́n ti gún iyán náà, Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn ṣí ibùdó kan ní Abadina, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké nínú ọgbà yunifásítì, fáwọn ọmọ ibẹ̀.

Ìyá inú takisí ní lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní 1986 ni ìwé tuntun dẹ́kun à ń dé. Ẹni tó ń sọ ìtàn fọ́mọ fẹ̀yìn tì, wọn ò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó wá ń kún ilé ìkàwé lọ́pọ̀ ìlú báyìí ni ọ̀dọ́ tó ń múra JAMB, wọ́n gbé ìwé tiwọn wá láti ilé, àga àti iná mànàmáná ni wọ́n torí ẹ̀ wá. Ní Èkó, Funmi Ilori tó jẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń kó ìwé sínú ọkọ̀ láti 2013, ó ń gbé e lọ bá àwọn ọmọ nílé ìwé àti ládùúgbò wọn. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan kò lè ká gbogbo ìpínlẹ̀.

Ọmọdébìnrin inú takisí náà tún máa gba ìsinmi lọ́dún tó ń bọ̀. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa ṣí yàrá ọmọdé tó wà nínú ilé ìkàwé wọn sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ, kí wọ́n fi ẹnì kan síbẹ̀ tí yóò máa sọ ìtàn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ gbé ìwé relé. Kí òbí mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó bèèrè káàdì fún un. Bí owó bá ń ṣòro, bárò ìwé kan ló ṣí ti West Cambridge. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.