Ọ́sítárítì Kì í Ṣe Ìṣúnwóná, Ìṣúnwóná Kì í Sì í Ṣe Ahun!

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan wà tí àwọn àgbà Ìbàdàn kò lè gbàgbé: ọ́sítárítì.

Oṣù kẹrin ọdún 1982 ló wọ̀lú. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ni ìjọba Alhaji Shehu Shagari bá ṣòfin láti dín ọjà tí à ń kó wọlé láti òkè òkun kù. Wọ́n fi kún owó ẹnubodè. Nínú orúkọ òfin náà, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ kẹ̀! Lọ́dún 1984, lábẹ́ àwọn ológun, a ṣì ń tò sórí ìlà nítorí ìrẹsì, mílíìkì àti ṣúgà, tí à ń pè ní ẹ̀sẹ́ńkò. Lọ́dún 1986, SAP tún dé.

Ọ̀rọ̀ yìí wá di àwáwí. Ọ̀gá kò sanwó oṣù, ó ní ọ́sítárítì ni. Bàbá kò fún ìyàwó lówó ọbẹ̀, òun náà ní ọ́sítárítì ni!

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an? Inú èdè Gíríìkì ló ti wá: ohun tó kan, tó ń mú ahọ́n gbẹ. Ẹni tó bá ti gé kajú tí kò pọ́n jẹ rí mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Ìnira ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Lọ́dún 2010, nígbà tí ìjọba David Cameron ń dín ìnáwó kù ní ìlú Òyìnbó, Merriam-Webster, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà, fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún náà.

Ìṣúnwóná yàtọ̀. Ìyá tó jèrè ₦5,000, tó dá àjọ ₦1,000, tó fi ìyókù bọ́lé, ó mọ ọjọ́ tí òun máa kó, ó sì mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Kápẹ́ńtà tó ń kó ègé pákó jọ, tó fi kan àpótí ìjókòó, òun náà ń ṣún owó ná. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ta wá ni ahun? Ẹni tó ní lọ́wọ́, tí ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò jẹ́ ra oògùn.

Ṣé ẹ rí i? Ìṣúnwóná, ìwọ lo yàn án. Ọ́sítárítì, ẹlòmíì ló dì í rù ọ́. Nítorí náà, bí ẹni ńlá bá ní kí ẹ fara dà á, ẹ bi í bóyá òun náà ti dín ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ kù.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyàwó yín ní ahun torí pé kò fún yín lówó àjọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé ọmọ wálé nítorí owó iléèwé, owó yẹn náà lẹ máa wá kiri!