Òfin Ààbò fún Pánẹ́lì Inú Ẹ̀rọ

Ó ṣòro láti wọ ilé kan ní Òkukù, ní Inísà tàbí ní Ìkìrun lónìí, kí a má bá rédíò, fóònù tàbí fìtílà tí oòrùn ń fún lágbára níbẹ̀. Bí a bá tú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò, a ó bá pátákó fẹ́lẹ́ kan nínú rẹ̀, aláwọ̀ ewé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí ìlà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kún ara rẹ̀. Pátákó yìí ni àwọn atúnrédíò-ṣe ń pè ní pánẹ́lì. Àwọn ìlà bàbà náà ni ọ̀nà tí iná ẹlẹ́tíríìkì ń gbà nínú ẹ̀rọ. Wáyà ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀ rí, kí ọmọ ilẹ̀ Ọ́sítíríà kan, Paul Eisler, tó ṣe rédíò tí ó lo ìlà bàbà títẹ̀ dípò wáyà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1936.

Àwọn àgbà a máa wí pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pánẹ́lì rí. Ike tí ó bò ó kì í jẹ́ kí ẹni tí ó rà á mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n fi ṣe é tàbí èrú. Nítorí náà ni a ṣe fi òfin de ẹni tí ń ya àwòrán pánẹ́lì, kí ẹ̀rọ tó dé ọjà rárá.

Òfin kìn-ín-ní jẹ mọ́ àlàfo. Ẹ jẹ́ kí a wo ṣájà fóònù. Iná 230 fóòtì, tí ó lè pa ènìyàn, ni ó ń wọ apá kan pánẹ́lì rẹ̀. Iná 5 fóòtì, tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn láìséwu, ni ó ń jáde ní apá kejì. Orí pátákó kan náà ni àwọn méjèèjì wà, bí ewúrẹ́ àti ẹkùn nínú ọgbà kan. Àlàfo tí kò sí bàbà nínú rẹ̀ ni ó dúró bí ògiri láàárín wọn. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà wọn àlàfo yìí. Èkíní ni ọ̀nà ẹyẹ, tí a gba inú afẹ́fẹ́ kọjá tààrà, nítorí pé iná lè fò. Èkejì ni ọ̀nà èèrà, tí a rìn lórí pátákó, nítorí pé erùku àti ọ̀rinrin a máa para pọ̀ di ipa tí iná ń tọ̀.

Ìgbìmọ̀ àgbáyé kan tí à ń pè ní IEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1906, ni ó ṣe ìlànà ìwọ̀n wọ̀nyí. Fún iná tí ó tó 250 fóòtì lórí pátákó tí ó wọ́pọ̀, ọ̀nà èèrà láti apá iná líle dé apá tí ọwọ́ ń kàn kò gbọdọ̀ dín ní 5 mìlímítà níbi tí erùku bá gbẹ. Ó sì gbọdọ̀ tó 8 mìlímítà níbi tí erùku àti ọ̀rinrin bá ti pọ̀. Ẹni tí ó mọ ọyẹ́ Òkukù, tí erùku rẹ̀ ń wọ inú àpótí títì, tí ó sì mọ òjò tí ń tẹ̀lé e, yóò gbà pé mìlímítà 3 tí a fi kún un kì í ṣe àṣejù. Bí àyè bá há, oníṣẹ́ a la ihò tóóró sáàárín pátákó náà; èèrà yóò yí i ká, ọ̀nà rẹ̀ a sì gùn sí i.

Òfin kejì jẹ mọ́ ìbú ìlà bàbà. Bí Odò Ọ̀tìn bá kún ju ipadò rẹ̀ lọ, a bo oko. Bí iná bá pọ̀ ju ìlà bàbà lọ, ìlà a gbóná, ó sì lè ràn. Bàbà ọ̀pọ̀lọpọ̀ pánẹ́lì kò nípọn ju ìdá 35 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Nítorí náà, ìbú ni oníṣẹ́ ń fi kún un kí ó lè gba iná púpọ̀.

Òfin kẹta jẹ mọ́ pátákó fúnra rẹ̀. Okùn gíláàsì híhun tí a fi oje líle dì pọ̀ ni pátákó rere. Ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò UL, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1894, a máa na ègé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ró lóòró, wọn a fi iná sí ìdí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, wọn a mú un kúrò, wọn a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí yóò gba oyè tí ó ga tí à ń pè ní V-0 gbọdọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán iná rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ran òwú tí ó wà nísàlẹ̀.

Òfin kẹrin ń dáàbò bo àwọn tí ẹ̀rọ yóò kú sí lọ́wọ́. Tánńganran àti òjé ni a ti ń yọ́ pọ̀ láti lẹ ẹ̀yà ẹ̀rọ mọ́ bàbà, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Láti oṣù keje ọdún 2006 ni ilẹ̀ Yúróòpù kò ti fẹ́ kí òjé inú rẹ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ. Ní Nàìjíríà, ìlànà kan lábẹ́ àjọ NESREA ń darí bí a ó ṣe kó òkú ẹ̀rọ dànù.

Òfin 1971 ni ó bí àjọ tí a mọ̀ lónìí sí SON, tí ń ṣọ́ ìlànà ọjà ní Nàìjíríà. Ní 2005 ni ètò SONCAP rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọjà òkèèrè kí ó tó wọlé. Ṣùgbọ́n kí olùrà má fi àmì nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tí ó ṣe ọjà fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń tẹ àmì CE sí i, láti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun pa òfin Yúróòpù mọ́. Àyẹ̀wò ẹlòmíràn ni ó ń ṣáájú àmì UL. Ayédèrú sì wà fún méjèèjì. Ṣájà tí ó bá ń gbóná lágbòónájù, tí ó ń rùn tàbí tí ó ń gbọn ènìyàn lọ́wọ́, yíyọ ni kí a yọ ọ́, kí a má lò ó mọ́.

Ní 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Pánẹ́lì wà nínú ọpọ́n náà, pánẹ́lì sì wà nínú ṣájà rẹ̀. Ẹni tí ó ya àwòrán wọn kò lè mọ ọmọ tí yóò sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òfin ni ó ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ níbi tí kò sí. Mìlímítà díẹ̀ tí oníṣẹ́ bá fi ahun rẹ́ kúrò ní ibi iṣẹ́, ilé olówó ilé ni ó lè fi san án. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́la, kí ó kọ́ òtítọ́ mọ́ ọn.